Alẹ́ Méjì Lórí Omi Dubai

Nígbà tí ìyá mi pé ọgọ́ta ọdún, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù dáwó jọ láti mú wọn lọ sí Dubai fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi kò ráyè wá. Ó fowó ránṣẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan tì í: "Àjọkẹ́, rí i pé Mọ́mì jẹun alẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó dára jù ni kó o mú o." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló kó mi sí ìyọnu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ìlú náà rí á mọ ibi méjì lára àwọn ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra. Ọ̀kan ni Dubai Creek, tó wà láàárín Deira àti Bur Dubai, níbi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni Dubai Marina, ní apá ibi tí àwọn ilé àwòṣífìlà tuntun dúró sí létí omi. Ọkọ̀ onígi tí wọ́n ń pè ní dhow ni ènìyàn lè wọ̀ níbi méjèèjì, ọwọ́ ara ẹni la fi ń bu oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Iye tí wọ́n dá lé ti Marina tí mo rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Creek. Owó ọwọ́ wa kò gbà ju ẹyọ kan lọ.

Mo bi ìyá mi léèrè èyí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní, "Èyí tó bá wù yín ni o, ọmọ mi." Mo gbà pé kò sí èyí tó jẹ wọ́n lógún nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ mo sì dàgbà nílé náà. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé bí ìyá mi bá ti ní "èyí tó bá wù yín", ọ̀kan wà tó wu àwọn fúnra wọn.

Mo yan Marina. Kí n má parọ́ fún yín, àwòrán ni mo ń rò, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ àti èyí tí àwọn àǹtí wa yóò rí lórí WhatsApp. Mo tún ní ìdí mìíràn tó dà bí ọgbọ́n lójú mi. Léèsì ni ìyá mi ń tà n'Íbàdàn. Láàárín ọdún 2003 sí 2011, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n wá kó ọjà ní Deira. Mo ní báwo ni n óò ṣe fi ọjọ́ ìbí mú wọn padà síbi iṣẹ́?

Marina lẹ́wà, n kò lè tàbùkù rẹ̀. Ènìyàn ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta, wọ́n sì ṣí ẹnu rẹ̀ kí omi òkun lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to ilé sí i lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan wà nínú wọn, Cayan Tower, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, tó lọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Ìyá mi gbójú sókè wò ó títí, wọ́n ní, "Àwọn tó ń gbé òkè yẹn, ṣé òòyì kì í kọ́ wọn?" Nígbà tó yá, ọkùnrin kan bọ́ sójú agbo nínú yẹ̀rì gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná ń tàn lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, kò sì ṣubú. Tanoura ni wọ́n ń pe ijó náà, láti Íjíbítì ló ti wá. Mo ní àwọn eégún onídán ilé wa ti rí orogún.

Ìyá mi yọ ike ata gígún kékeré jáde nínú báàgì wọn, wọ́n bu ú sórí ìrẹsì. Wọ́n dúró fún gbogbo àwòrán tí mo ní kí a yà. Wọ́n ní, "Ó dára gan-an ni, ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó." Kí ọkọ̀ tó padà dé èbúté, wọ́n ti ń tòògbé lórí àga.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra yẹtí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ọjà wúrà Deira. Ìgbà tí a rà á tán, kí n tó wí nǹkan kan, wọ́n ti ṣíwájú mi lọ sétí omi, wọ́n ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni tó wà ní Gbági. Abra ni wọ́n ń pe ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èrò kọjá níbẹ̀. Dirham 1 péré ni owó rẹ̀. A jókòó sórí pákó, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kù lábẹ́ wa. Bí a ṣe dé àárín omi, ìyá mi nàka sí bèbè tí a ti kúrò.

Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń jókòó sí lálẹ́ bí wọ́n bá ti di ẹrù tán, kí ẹsẹ̀ lè sinmi, kí ẹni tí yóò bá wọn kó ẹrù lọ sí Èkó tó dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wo àwọn ọkọ̀ alẹ́ tó ń kọjá pẹ̀lú iná àti orin. Lọ́jọ́ kan wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Wọ́n fọkàn ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé owó ẹrù kílò mélòó kan ni. "Ta ni yóò jẹ owó ẹrù, Àjọkẹ́?"

Mo ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"O ti ń fi àwòrán ilé gíga hàn mí láti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ní èyí tó dára jù."

Mo mú fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́ wa. Kò tó. Ìyá mi na ọwọ́ sínú báàgì, wọ́n yọ náílọ́nù kan tí wọ́n fi rọ́bà dì. Owó dirham wà nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù láti ìrìn-àjò ọdún 2011. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn kò ṣẹ́ ẹ sí náírà, pàápàá ní àkókò tí ilé le. Àwọn ni wọ́n san owó àwa méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú tì mí, mo sì jẹ́ kó tì mí.

Àwọn kan ń pe Creek ní odò, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò. Òkun ló ya wọ inú ilẹ̀. Èmi ì bá pè é ní ọ̀sà. Iyanrìn ń dí i tẹ́lẹ̀, ìgbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1950 parí ni Sheikh Rashid bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbẹ́ ẹ jìn kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ọdún 1966 ni wọ́n tó rí epo. Òwò ló ń bọ́ ìlú yẹn kí epo tó dé. Títí di òní, àwọn dhow akẹ́rù ṣì ń gúnlẹ̀ sí etí Deira. Ọkọ̀ tiwa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó sì kọjá níwájú àwọn ilé àtijọ́ Bur Dubai, tí ilé ìṣọ́ afẹ́fẹ́ wà lórí wọn. Àwọn ni àwọn baba ńlá wọn fi ń fa atẹ́gùn wọ yàrá nígbà tí kò sí iná mànàmáná.

Bí ẹ bá bi mí, ọkọ̀ Marina mọ́ tónítóní ju èyí lọ, oríṣi oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀ jù. Kí àwọn tọkọtaya tuntun àti ẹni tó fẹ́ àwòrán lọ síbẹ̀, owó wọn kò ní ṣòfò. Ti Creek, kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí a wọ̀ ti gbó, ẹ̀rọ orin rẹ̀ sì ń fọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ibẹ̀ ta díẹ̀, ojú ẹni sì máa ń rí ènìyàn, kì í ṣe fèrèsé nìkan. Níbi yòówù kí ẹ lọ, bí kì í bá ṣe àkókò ooru, òkè ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ tètè dé, nítorí àwọn tó bá pẹ́ ni wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀. Kí ẹ sì bi ẹni tó fẹ́ mú àgbàlagbà dání léèrè dáadáa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. (Ẹ̀gbọ́n mi, bí o bá ń ka èyí, Marina ni gbogbo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ. N kò ya ìkankan lálẹ́ kejì.)

Ìyá mi kò tòògbé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin etí ọkọ̀ mú, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí oníjó tó ń pòòyì, bèbè Deira ni wọ́n ń wò. Nígbà tí a dé ọ̀gangan ibi tí wọ́n nàka sí lọ́sàn-án, àwọn obìnrin mẹ́ta kan jókòó sí ibẹ̀, báàgì dúdú ńláńlá yí wọn ká. N kò mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Ìyá mi juwọ́ sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wò wá díẹ̀, ó sì juwọ́ padà.

Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn bu ìrẹsì sí i, kí n má sì gbàgbé ata.