Níbo Ni A Ó Bí Ọmọ Kẹta Sí?

Bí oyún bá ti dúró nínú ilé, ohun tí tẹbí tará máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni orúkọ tí ọmọ yóò jẹ́, aṣọ tí a ó wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àti iye àgbò tí a ó pa fún àkíkà. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ń bèèrè ibi tí ìyá ọmọ yóò kúnlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí abiyamọ bá kúnlẹ̀ sí lè jẹ́ ibi tí yóò ti dìde, ó sì lè jẹ́ ibi tí a ó ti gbé e.

Àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, tọkọtaya ni wá, ìlú Ìbàdàn ni a sì ń gbé. Ọlọ́hun ti fún wa ní ọmọ méjì, ẹ̀kẹta wà lọ́nà, oyún náà sì ti pé oṣù méje. A fẹ́ sọ bí a ṣe yan ibi tí a ó bí i sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò ṣe ìgbéyàwó láìpẹ́, ìbéèrè náà yóò sì kan ilẹ̀kùn wọn.

Àkọ́bí wa wálé wẹ́rẹ́, kò dà wá láàmú. Ọmọ kejì ni ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa ni a bí i sí lóru. Ọmọ jáde láyọ̀, ibi rẹ̀ náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Dókítà ti lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan nípamọ́. Ọkọ̀ aládùúgbò ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí ìyá lára kí ojú rẹ̀ tó là. Alhamdulillāhi, ìyá yè, ọmọ náà sì ti ń lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọkọ nínú wa kò tíì rin ìrìn àjò tí ó gùn tó ti òru yẹn rí.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, nǹkan bíi 75,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà. Èyí ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ sì wà lára ohun tí ń pa wọ́n jù. Bí ọmọ bá jáde tán, ó yẹ kí ilé-ọmọ fún pọ̀, kí ó lè dí ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó so ibi mọ́ ọn. Bí kò bá fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà bí omi ẹ̀rọ. Ìdajì lítà, tí ó tó omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ni àwọn oníṣègùn ti fi ṣe àlà ewu láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin tí ara rẹ̀ le koko lè bá a lọ láàárín wákàtí méjì. Ẹni tí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ó ṣeé ṣe kí ó tún ṣẹlẹ̀ sí i ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni nọ́ọ̀sì sọ fún wa lọ́jọ́ tí a lọ forúkọ oyún yìí sílẹ̀, òun ni kò sì jẹ́ kí a sùn.

Ìyá tí ó bí ọkọ nínú wa ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbẹ̀bí àdúgbò ni òun bí ọmọ márààrún sí, kò sì sí ọ̀kan tí ó kú. “Ẹ̀yin ọmọ yìí,” ni wọ́n wí, “ṣé ẹ kò mọ̀ pé ọ̀bẹ ni àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ni?” A kò bá wọn jiyàn. A mọ ohun rere tí ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbẹ̀bí: wọn kì í jágbe mọ́ aláboyún, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn mọ́jú, wọ́n á fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ń sá fún ilé ìwòsàn, èébú ni wọ́n ń sá fún. Nítorí náà a mú ọṣẹ àti ṣúgà dání, a lọ kí Ìyá Àgbẹ̀bí fúnra wọn, a sì ro ẹjọ́ fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wo ọkọ nínú wa lójú, wọ́n ní: “Ọmọ mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ̀bí rẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi tí mo lè fà sí ìyàwó rẹ lára. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí ó wà.” Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa kò ti dá a sílẹ̀ mọ́.

Àwọn kan nínú ìjọ sọ fún wa pé Maryam, ìyá Ànábì Īsā, abẹ́ igi dàbínù ni ó bímọ sí láìsí dókítà, àti pé ẹni tí ó bá gbára lé Ọlọ́hun kò ní nǹkan í bẹ̀rù. Òótọ́ ni pé abẹ́ igi ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà gbé yẹ̀ wò nínú Sūratu Maryam. Ọlọ́hun tí ó lè rọ èso sílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó gbọ́wọ́ sókè, pàṣẹ fún un, nínú ìrora ìrọbí, pé kí ó mi igi náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹni tí ń rọbí bá ní igi tirẹ̀ tí yóò mì, kí ni ti àwa tí ara wa dá, tí a ní oṣù mẹ́sàn-án láti fi gbìmọ̀?

Ìbéèrè márùn-ún ni a kọ sínú ìwé, a sì gbé e kiri:

1. Ta ni ó máa ń wà níbẹ̀ lóru, lọ́jọ́ ìsinmi, àti lọ́jọ́ ọdún?
2. Ṣé abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé-ọmọ fún pọ̀ wà níbẹ̀? Ṣé inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí iná bá tilẹ̀ lọ?
3. Bí a bá nílò ẹ̀jẹ̀, níbo ni yóò ti wá, yóò sì ti pẹ́ tó?
4. Ṣé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀? Bí wọn kò bá lè ṣe é, ibo ni wọ́n ń gbé ènìyàn lọ, ọkọ̀ wo ni wọ́n sì fi ń gbé e?
5. Ṣé obìnrin ni yóò gbẹ̀bí, tí wọn yóò sì bo àṣírí ìyá?

Lórí ìkarùn-ún yìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti là á yé wa pé obìnrin ni ó yẹ kí ó tọ́jú obìnrin bí ó bá wà. Bí kò bá sí, tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu, ọkùnrin lè ṣe é ní ìwọ̀n tí ó bá di dandan. Ní gbogbo ibi tí a dé, obìnrin ni àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí.

Ibi mẹ́ta ni a wò. Ilé ìwòsàn aládàáni kan mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń yẹ́ni sí, ṣùgbọ́n orí fóònù ni wọ́n ti ń pe dókítà lóru. Ilé ìtọ́jú aláboyún ti ìjọba tí ó wà ládùúgbò kò jìnnà, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ iṣẹ́, abẹ́rẹ́ sì wà nínú fìríìjì wọn. Bí kò bá jẹ́ ti ohun tí ojú wa ti rí, ibẹ̀ ni à bá lọ. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Èrò pọ̀ níbẹ̀, a tò títí ẹsẹ̀ fi wú, nọ́ọ̀sì kan sì jágbe mọ́ aláboyún kan lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nípamọ́, dókítà wà lóru, yàrá iṣẹ́ abẹ kò sì jìnnà sí yàrá ìrọbí. Ibẹ̀ ni a mú. Ìyàwó nínú wa ni ó sọ ọ́: “Wọ́n lè jágbe mọ́ mi, èmi yóò fara dà á. Ẹ̀jẹ̀ kì í fara dà.”

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2023 tún fún wa ní ìgboyà. Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí a fàlà sí sábẹ́ ìyá kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, bí ó bá sì ti fẹ́ pọ̀ jù, wọ́n ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ dídà tí ó le fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ohun tí ń gba ẹ̀mí là níbí kò ju pé kí ojú tètè rí i, kí ọwọ́ sì tètè ṣe é.

Yíyan ibi nìkan kò tó. Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì, Thaddeus àti Maine, kọ̀wé pé ìdádúró mẹ́ta ni ń pa aláboyún: kí a pẹ́ kí a tó pinnu láti lọ, kí a pẹ́ lójú ọ̀nà, kí a sì pẹ́ kí a tó rí ìtọ́jú. Èkíní yìí, inú ilé ni ó wà. Mélòó ni obìnrin tí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ níbi tí a ti ń sọ pé “ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ dé”? Nítorí náà, ọkọ nínú wa ti yọ̀ǹda níṣojú ìyá rẹ̀ pé, bóun wà nílé bóun kò sí, bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n máa lọ. A ti bá onítakisí méjì sọ̀rọ̀ nítorí òru. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó yóò kó lọ sí ilé àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó súnmọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n kan àti ọ̀rẹ́ kan ti gbà láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Èésú tí a ń dá, a ti gba tiwa sílẹ̀ fún oṣù yẹn. A sì ti mọ ilé ìwòsàn mìíràn tí a ó gbà lọ, bí àwọn dókítà ìjọba bá yanṣẹ́ lódì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò ní kí gbogbo yín máa rọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí oyún rẹ̀ kò ní wàhálà, tí ilé ìtọ́jú tòsí rẹ̀ sì lè dáhùn ìbéèrè wa dáradára, ibẹ̀ tó o. Ohun tí a ń wí ni pé kí tọkọtaya jókòó bèèrè kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n sì má ṣe fi ìpinnu náà sílẹ̀ de òru ìrọbí. Kò sí ibi tí a bí ọmọ sí tí a kò lè pe ìrun sí i létí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbé e mọ́ra lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa sọ ẹrù gbogbo aláboyún, kí ó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Āmīn.