Ẹnu Òrùka ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wù irin olóòrùka wá fún mi lónìí pé kí n dá iye lé e, n kì í kọ́kọ́ wo bó ṣe ń dán tàbí bó ṣe gùn tó. Ẹnu òrùka ni mo ń wò, ibi tí orí wáyà méjèèjì ti pàdé. Ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀wù irin bíi ti àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ni wọ́n ń hun bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Bàbá kò jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ọjà rárá títí mo fi mọ̀ ọ́n hun. Wọ́n ní ẹni tí kò hun ún rí kò lè mọ ibi tí ọwọ́ ti rẹ ẹni tó hun ún. Wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sọgbà ẹran. Mo ń wé e mọ́ ọ̀pá irin títí yóò fi di sípíríǹgì gígùn, n ó wá máa gé e, òrùka a sì máa já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mú méjì ni a fi ń ṣí òrùka, òun náà ni a fi ń pa á dé. Òrùka kan yóò gba mẹ́rin mọ́ra, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi fẹ̀ bí àwọ̀n apẹja. Wáyà mìlímítà 2 tí a wé mọ́ ọ̀pá mìlímítà 10 dára fún ẹ̀wù. Bí ojú òrùka bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wáyà kò sì nípọn sí i, ẹnu rẹ̀ yóò tètè máa yà. Bó bá kéré jù, ẹ̀wù yóò le gbagidi. Òrùka kan báyìí kò tó gíráàmù kan. Nítorí náà, ẹ̀wù tó bá wọn kìlò 10 ti gba òrùka tó lé ní 10,000, ọwọ́ ènìyàn ló sì pa gbogbo wọn dé. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí.

Nígbà tó yá, ẹnì kan gbé ẹ̀wù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà. Ó ní òun bá a nínú àjà ilé bàbá àgbà òun, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ayé àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin ìgbàanì. Bàbá pè mí. Wọ́n ní, “Wò ó dáadáa, kí o sọ ohun tí o rí fún mi.”

Mo fẹ fọ́tò náà lójú. Orí wáyà kàn forí kanrí ni, kò sí ìṣó nínú rẹ̀. Ní Yúróòpù ayé ìgbà náà, ṣe ni wọ́n máa ń lu orí wáyà méjèèjì pẹlẹbẹ, wọn a dá a lu, wọn a sì fi ìṣó kékeré kàn án pa pọ̀. Ẹni tó bá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Royal Armouries ní Leeds yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. (Kì í ṣe ibi gbogbo ni òfin yìí dé o. Àwọn ará Japan àti àwọn Moro ní Philippines lo òrùka tí kò ní ìṣó.) Mo tún rí ẹ̀tù funfun kan lọ́rùn ẹ̀wù náà. Bí síǹkì ṣe ń dípẹtà nìyẹn. Ọdún 1837 ni Stanislas Sorel, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a ń gbà ri irin sínú síǹkì yíyọ́. Ọ̀rọ̀ ajagun ìgbàanì parí síbẹ̀.

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán, àmọ́ Bàbá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láti 1966 tí ẹgbẹ́ Society for Creative Anachronism ti bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi wáyà ọgbà hun irú ẹ̀wù yìí nílé. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni bóyá ẹni tó hun ún hun ún dáadáa.

Ìwọ̀n rẹ̀ dáa: kìlò 9 ni ẹni tó ń tà á pè é, irin ni lóòótọ́. Ká ní àlùmíníọ̀mù ni, ìwọ̀n rẹ̀ kì bá ju nǹkan bíi kìlò 3 lọ. Ìlà òrùka rẹ̀ yí ara po bó ṣe yẹ, torí bí ìlà bá dúró lóòró, ẹ̀wù yóò fà wálẹ̀, kò sì ní í fẹ̀ láyà. Bàbá wá ní kí n béèrè fọ́tò abíyá, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ gbé apá sókè. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí wà. Apá ẹ̀wù náà dúró ṣánṣán, wọn kò fi òrùka kún abíyá rẹ̀, nítorí náà bí a bá gbé apá, gbogbo ẹ̀wù ni yóò gbéra. Òrùka ti yà níbẹ̀, àwọn kan ti já dànù, wọ́n sì ti fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ojú ihò. Ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi gé wáyà ti mú kí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, irú èyí tí í máa fa aṣọ abẹ́ ya. Síǹkì ti bó ní èjìká, ìpẹtà pupa sì ti jáde.

Mo ní owó iṣẹ́ ilé ni kí a san, kí a sì yọ owó àtúnṣe abíyá kúrò nínú rẹ̀. Bàbá gbà. Wọ́n fi kún un pé ẹnikẹ́ni tó bá rà á kò gbọdọ̀ jù ú síná nítorí kó lè dúdú, torí èéfín síǹkì a máa dá ibà síni lára.

Bí ẹ bá rí irú ẹ̀wù yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba fọ́tò abíyá àti ti ẹnu òrùka tí wọ́n yà ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ tó dúnàádúrà.