Ẹ̀fẹ̀ Ara Ilẹ̀kùn Òsí

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà àtijọ́ kò ṣe àjèjì sí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọmọ Ìlọ́fà ni mí, Òsí kò sì jìnnà sí wa. Ìlú Àreògún ni Òsí, ògbólógbòó agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Bí ó bá ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, a pín igi náà sí ìpele-ìpele, a sì fi ènìyàn kún ìpele kọ̀ọ̀kan: jagunjagun lórí ẹṣin, obìnrin tí ó pọn ọmọ, àti ọ̀gbẹ́ni oníkẹ̀kẹ́ kan tí ó ti ìkòkò tábà bọ ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni oníkẹ̀kẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àwọn onímọ̀ a máa kọ̀wé nípa irú ilẹ̀kùn báyìí bí ẹni pé ọlá ọba àti ọ̀ràn òrìṣà nìkan ni ó wà lára rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ tí kò sì lè yọ ìkòkò tábà lẹ́nu, fáàrí ni ó ń ṣe. Agbẹ́gilére rí i, ó sì fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ wo Yellow Kid tí Richard Outcault ń yà sínú New York World láti 1895: orí fífá kodoro, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi di pé ara ẹ̀wù náà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí. Happy Hooligan dé ní 1900, agolo ni fìlà tirẹ̀. Mutt gùn, Jeff kúrú. Wọn kì í pààrọ̀ aṣọ, ìwà wọn kì í yí padà. Òǹkàwé a ti rẹ́rìn-ín kí ó tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Iṣẹ́ tí agolo ń ṣe lórí Hooligan ni ìkòkò tábà ń ṣe lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tẹ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ àwòrán, ẹnikẹ́ni sì lè kà á títí dòní. Ilẹ̀kùn Àreògún kò ní àkọlé. Ẹnu àwọn tí ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́ ni àkọlé rẹ̀ wà. Púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, níbi tí kò sí ẹni tí yóò fi oníkẹ̀kẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí àwọn àgbà Òsí. N kì í ní kí wọ́n béèrè ohun tí ère náà dúró fún. Ẹni tí wọ́n ń fi í bú ni kí wọ́n béèrè. Àwọn tí ó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́.