Bí Mo Ṣe Kọ́ Kíka Ìjì

Bàbá ará Kúbà kan tí ilé wọn kángun sí tiwa ní Houston ló kọ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí ni àwòrán tó rí bí àrọ, èyí tí àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì, National Hurricane Center ní Miami, ń gbé jáde ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà tí ìjì bá ń bọ̀. Wọ́n ní ibi tí àárín ìjì lè gbà nìkan ló ń sọ. Nínú ìgbà mẹ́ta, bí ẹ̀ẹ̀mejì ni kì í yà kúrò níbẹ̀. Òjò àti omi òkun kò mọ ààlà yẹn rárá.

Ìjì Harvey ni wọ́n fi là mí lójú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 2017, ó tú ká lórí òkun Karibíánì. Ní ọjọ́ 23, ó tún ara rẹ̀ kó jọ lórí omi gbígbóná ẹ̀bá Mẹ́síkò. Lálẹ́ ọjọ́ 25, ó já lu Texas pẹ̀lú ẹ̀fúùfù ìpele 4. Ẹ̀fúùfù rẹ̀ rọlẹ̀, àmọ́ kò kúrò lójú kan, òjò tó lé ní ínǹṣì 60 sì rọ̀ sí ìlú Nederland níbẹ̀. Látìgbà náà, bí ìjì ṣe ń yára rìn sí ni mo máa ń wò kí n tó wo ìpele rẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà ojú mi máa ń là sílẹ̀ nígbà tí ìròyìn ìjì ti aago mẹ́rin ìdájí bá jáde. Tí Àtìláńtíìkì bá dákẹ́, mo ń ṣọ́ Òkun Íńdíà, níbi tí ìjì Freddy ti rìn láti ìtòsí Ọsirélíà dé Mòsáńbíìkì lọ́dún 2023, tó sì lò ju oṣù kan lọ.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ràn jù. Àbúrò mi tó ń ṣòwò ní Kánò á pè pé òjò alágbára ti ìlà-oòrùn dé. Mo máa ń ṣí àwòrán sátẹ́láìtì, màá sì tọ ìgbì afẹ́fẹ́ tó gbé òjò náà wá lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, títí dé orí òkun. Púpọ̀ nínú irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í di nǹkan kan. Síbẹ̀, inú irú wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjì Àtìláńtíìkì tó le jù ti ń jáde, Harvey náà sì wà lára wọn.

Ìpele nìkan kì í sọ gbogbo rẹ̀: ìpele 1 péré ni ìjì Beryl wà nígbà tó wọ Texas lóṣù Keje 2024, síbẹ̀ iná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Epo ti kún jẹnẹrétọ̀ ilé ìtọ́jú wa kó tó dé.