ALÁGBẸ̀DẸ TÍ Ó BORÍ JAGUNJAGUN NÍ TASHKENT

Bí àlejò bá dé Tashkent, olú-ìlú Uzbekistan, ìdí ère Amir Timur ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú un lọ. Jagunjagun tí ayé wárìrì fún ni, ó jókòó sórí ẹṣin gàgàrà láàárín ìlú. Ó dára, ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o, iṣẹ́ ọwọ́ mẹ̀kúnnù ló dùn-ún wò jù ní ìlú yẹn.

Ọjà Chorsu ńkọ́? Òrùlé rẹ̀ dà bí igbá ràgàjì aláró tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹran, wàrà, ata àti èso gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọjà ná, àpò rẹ̀ á gbọ́ ọ! Nítòsí ni àwọn oníbúrẹ́dì ti ń lẹ búrẹ́dì pẹrẹsẹ mọ́ inú ààrò alámọ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni dojú búrẹ́dì náà délẹ̀. Oúnjẹ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìlú yìí ti rí màbo. Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù April 1966, ilẹ̀ mì tìtì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé wó, ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìnílé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti gbogbo ẹkùn Soviet ìgbà náà, wọ́n tún ìlú kọ́. Nígbà tó di 1977, wọ́n ṣí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, tí àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ dára bí ààfin ọba.

Ṣùgbọ́n ère kan wà níbẹ̀ tó ń gba omijé lójú ẹni. Nígbà ogun Hitler, ọkọ̀ ojú irin ń kó àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí wá sí Tashkent. Alágbẹ̀dẹ kan, Shoahmad Shomahmudov, àti ìyàwó rẹ̀, Bahri Akramova, kó ọmọ 15 nínú wọn sílé. Èdè wọn ò dọ́gba, ẹ̀yà wọn ò dọ́gba. Owó ìdí ewìrì ni bàbá yìí fi ń bọ́ wọn, nígbà tí oúnjẹ wọ́n bí ojú!

Ní 1982, wọ́n ṣe ère tọkọtaya náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ní 2008, ìjọba gbé e kúrò láàárín ìlú. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó dá a padà sí àyè rẹ̀.

Timur fi idà kó ìlú jọ. Alágbẹ̀dẹ yìí fi owú kó ọmọ ọlọ́mọ jọ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ ó fẹ́ kí ó jẹ́ bàbá yín?