Òjòlá Tí A Fẹ́ Mú Wọlé

Ní Ìmẹ̀kọ tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá bá wa lé òjòlá jáde nílé là ń fún lówó. Ní Lọ́ńdọ́nù tí mò ń gbé báyìí, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ní òun fẹ́ fi owó tí òun tọ́jú ra ọ̀kan wọlé. Òjòlá kékeré ló fẹ́, èyí tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mítà 1.5 lọ, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbẹ̀ ni orírun rẹ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà.

Oríṣi méjì ni ọlọ́jà fi hàn wá. Èyí àkọ́kọ́ wá láti oko òjòlá ní Tógò. Ó pọ́n bí ilẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọmọ mi rò pé oko yìí dà bí oko adìẹ, níbi tí ìyá ti ń yé tó sì ń pamọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Tógò, Benin àti Gánà, àwọn ọdẹ máa ń gbẹ́ ihò nínú igbó, wọ́n á kó abo òjòlá tó ní ẹyin nínú tàbí ẹyin tó ti yé. Oko ni ẹyin náà ti ń pa, wọ́n á sì kó ọmọ wọn lọ sí òkè òkun. Wọ́n máa ń dá díẹ̀ padà sígbó, ṣùgbọ́n igbó ló ń bọ́ oko náà. Òjòlá yìí kì í sì í sábà yé ju ẹyin 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti gbin àgbàdo rí mọ̀ ọ́n: bí a bá kó òjòlá lọ, eku tí ì bá jẹ yóò wá jẹ àgbàdo wa.

Èkejì ni èyí tí àwọn olùsìn ti ń ṣàṣàyàn ìyá àti bàbá rẹ̀ láti ìran dé ìran nítorí àwọ̀. Òmíràn funfun bí ẹfun, òmíràn pọ́n bí ìyeyè. Ojú ọmọ mi lọ sára èyí tí wọ́n ń pè ní spider, tí ọnà ara rẹ̀ dà bí òwú aláǹtakùn. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ọlọ́jà fi ẹ̀mú na eku òkú sí i, ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́jà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Òótọ́ ló sọ: àbùdá kan náà tó fún un ní ọnà ló ń mi orí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí wọn yà sọ́tọ̀.

Mo béèrè bóyá ẹ̀kẹta wà. Ó wà: pupa rúsúrúsú bíi ti Tógò, ṣùgbọ́n ilé olùsìn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ni wọ́n ti bí òun àti ìyá rẹ̀, ó sì ń jẹun dáadáa.

Ọmọ mi fa ojú ro. "Mọ́mì, èyí ò lẹ́wà."

Mo ní, "Ṣé òun ló yẹ kó jìyà kí ojú tìẹ lè gbádùn?"

Ó dákẹ́, ó sì na ọwọ́ sí i.

Irú òjòlá yìí lè lo ọdún 30 nínú ilé. Ọmọ mi yóò ti pé ọdún 43 nígbà náà. Àwọ̀ tó wù ú lónìí lè ti sú u, ṣùgbọ́n orí tí kò mì yóò ṣì máa wúlò fún ẹni tó ni ín.