Wàrà Kò Lẹ́jọ́, Igbá Ni Kí Ẹ Bi!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, láti Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì títí dé Àrámọ̀kọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n o. Wàrà tó funfun nini l'áàárọ̀ á ti máa rùn kó tó di ọ̀sán. Oníbàárà á ní ìyá oníwàrà ló ba òun jẹ́. Ìyá oníwàrà á ní obìnrin Fúlàní tó tà á f'óun ni. Obìnrin Fúlàní náà á ní oòrùn ló fà á. Ariwo á ta, owó á wọgbó. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi gan-an wà ní kọ̀rọ̀, kò fọhùn: igbá tí wọn ò fọ̀ dáadáa ni.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù ka iná, wọ́n á da oje ewé bòmubòmu sí i, á dì, omi rẹ̀ á sì yà sọ́tọ̀. Wọ́n á jẹ́ kó hó dáadáa kí wọ́n tó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kó lè ro. Híhó yẹn ń pa kòkòrò tí ojú ò lè rí, títí kan èyí tó ń ti ara màlúù fa ikọ́ ife. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ iná parí síbẹ̀. Bí wàrà bá ti kúrò lórí iná, ó di ọwọ́ apẹ̀rẹ̀, asẹ́, ọ̀bẹ àti igbá.

Kòkòrò kan ṣoṣo tó bá rí oúnjẹ àti ibi tó móoru lè di méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Tó bá fi máa pé wákàtí 7, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2! Ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgàṣì, àwọn tó ń tà á máa ń tún un sè lemọ́lemọ́ kó má bàa bàjẹ́. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a padà sínú igbá ìdọ̀tí, asán ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á da omi gbígbóná sínú abọ́ tí mílíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Rárá o! Bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì ṣe ń dì mọ́ abọ́. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló kan omi gbígbóná, ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò, kí ẹ wá da omi tó ń hó yaya lé e. Ará Ẹ̀rìjìyàn mọ omi Ìkógòsì tó wà nítòsí wọn, níbi tí gbígbóná ti ń pàdé tútù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ dùn ún wẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò, ṣe ló ń tọ́ wọn. Híhó ni kó hó.

Ẹ má fi àkísà nù ún o. Inú àkísà tútù ni kòkòrò ń gbé. Ẹ dojú abọ́ dé síbi tó mọ́, kí atẹ́gùn àti oòrùn gbẹ ẹ́. Aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ẹ, ẹ sè é, kí ẹ sá a. Igbá tó bá ti sán, ẹ máa fi bu àgbàdo. Kàn-ìn-kàn-ìn ò lè wọ ojú sísán.

Ọwọ́ ńkọ́? Ẹni tí eéwo tàbí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi wàrà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn títí á fi san. Kòkòrò inú ọgbẹ́ lè tu májèlé sínú wàrà. Bí ẹ bá dín in, kòkòrò á kú, májèlé ò ní lọ. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè jẹ wàrà díndín gbígbóná, kó sì máa bì, kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má ní ayé ló ṣe é!

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi abẹ́rẹ́ tó dógùn-ún rán aṣọ ìyàwó. Òótọ́ ni pé igi ìdáná àti ọṣẹ ń náni lówó, ṣùgbọ́n igbá wàrà kan tó bá bàjẹ́ lè kó èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Oníbàárà tó jẹ wàrà tí inú ò run ún, á tún padà wá l'ọ́jọ́ ọjà mìíràn.